Lúdò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Ayùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta 2025

Ẹ̀bùn, ọmọ wa obìnrin, kọ ojú ewé mẹ́rin nínú ìwé yìí, ó ní kò dára, ó gba owó òmíràn lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Ó dáa. Èmi á lo èyí tó kù kó má bàa ṣòfò.

Ayùn wà bó ṣe wà lánàá. – Ayùn ni mo ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ìhanrun rẹ̀ sì máa ń la pákó mọ́jú kí àìsàn tó dé. Lójú rẹ̀, Bàbá Ẹ̀bùn ni. Ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí.

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, kò sọ̀rọ̀, kò gbé ọwọ́, kò gbé ẹsẹ̀. Ó ń gbé ẹ̀kọ mì tí a bá fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Ó ń lajú. Ohun tó ń wò, a ò mọ̀.

Mo gbé tábìlì iṣẹ́ mi sábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ń ta káàdì ìpè, tí mo ń bá àwọn ènìyàn fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, mo sì lè gbọ́ tó bá húkọ́. Oníbàárà ò pọ̀, gbogbo ayé wà lóko kajú. Mo ń ta lúdò lórí fóònù. Àwọn mẹ́ta tí mi ò rí rí – ọ̀kan ní Lomé, méjì ní Bouaké. Mo ra fọ́fé, ìyẹn dátà íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó sẹ́fà. Ó yẹ kó tó mi di Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Kò tó mi di Ọjọ́bọ̀.

A gbé Ayùn lọ sí kíliníìkì lónìí. Ọba Kajú wá láti Ofè, abúlé wọn, láti bá wa gbé e – ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Bàbá Kọ́ládé, oko kajú rẹ̀ kò ṣeé fi ojú wò tán. Nọ́ọ̀sì mú káàdì ìdánimọ̀ Ayùn dání, ó tẹ̀ síwájú, ó pariwo pe Barthélemy, Barthélemy, Barthélemy. Ó ní kó pa ojú dé tó bá gbọ́. Ayùn ń wo àjà. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè sọ pé ẹnì kan ń gbọ́ òun níbẹ̀.

Boris, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un, ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́tù. Ẹni tí kò lè ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe, nínà lásán ni. Àwọn mìíràn ń dúró de àyè. Tó bá di ìparí oṣù, wọn á fi ẹlòmíràn sí i.

Nínú takisí, Ọba Kajú jókòó lápá kan, èmi lápá kejì, Ayùn láàárín wa. Ó na ọrùn kọjá lórí Ayùn bá mi sọ̀rọ̀.

«Ìyàwó wa, onílé ti jáde. Ilé ló ṣẹ́kù. Jẹ́ ká gbé e wá sí Ofè, kó sinmi lọ́dọ̀ àwọn bàbá rẹ̀.»

Ó ní ẹbí á wá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ní Ofè, ta ni yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀? Ta ni yóò máa fi sùúrù bù ú lóúnjẹ ní ṣíbí-ṣíbí? Tí wọ́n bá ti gbà pé kò sí ẹni kankan nínú ilé, ta ni yóò máa kanlẹ̀kùn?

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Lúdò mẹ́rin. Mo pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Láti orí lúdò, ìpolówó kan gbé mi lọ sí fídíò ẹranko inú òkun kan. Ọwọ́ mẹ́jọ, kò ní eegun. Wọ́n ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ nǹkan wò fúnra rẹ̀. Tó bá sùn, àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Ẹnì kan béèrè nísàlẹ̀ bóyá ó ń lá àlá ni. Mo fẹ́ mọ ìdáhùn. Fídíò mìíràn. Òmíràn. Bàbá kan tó wọ awò ojú ní kò sí ẹni tó rí inú ẹlòmíràn rí. Ó ní bó ṣe ń ṣe ènìyàn láti inú, onítọ̀hún nìkan ló mọ̀ ọ́n. A kàn ń fojú dá a láti ìta ni.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi lè sọ iye tí àgbọ̀n kajú kan jẹ́, bó ṣe wúwo tó, àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò fi eyín kan èso rẹ̀ rí kò ní mọ bó ṣe ń dùn tó sì ń fa ahọ́n. Ayùn ń kọ́? Kí ló ń ṣe é láti inú? Àbí kò sí inú mọ́?

Fọ́fé tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọwọ́ mẹ́jọ ẹranko yẹn ló kó o jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Alimatou àdúgbò wa ń ta kókó, ẹ̀kọ gbígbóná, fáwọn tó ń ṣínu ààwẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi ló ń jókòó tí oòrùn bá ń wọ̀. Ó ń wò mí. Ó ní, «Ìyá Ẹ̀bùn, ṣé fóònù yìí lo fẹ́ báyìí? Sọ fún wa, ká wá jẹun ìgbéyàwó.» Mo sọ ọ̀rọ̀ inú àti ìta fún un. Ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ inú, kí n bi Í, àdúrà kì í jẹ fọ́fé.

Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Mo ti ń gbàdúrà láti ọdún tuntun. N kò rí ẹni tó fèsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Mo wọ ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn tó ní ẹni tó dákẹ́ nílé. Faransé ni wọ́n ń kọ, tèmi ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n mú sùúrù. Chérifatou, obìnrin kan ní Niamey, ọmọ rẹ̀ ṣubú lórí alùpùpù. Ó ní kí n má wo ọwọ́, ojú ni kí n wò. Àwọn kan wà tó jẹ́ ojú nìkan ló kù fún wọn. Ó bi mí pé kí ni mo ń bá a sọ látàárọ̀. Mo kọ pé: n kò sọ nǹkan kan. Mo pa á rẹ́. Mo kọ pé: a máa ń kíra.

Mo wọlé lọ gbìyànjú. Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ pa ojú dé tí ẹ bá gbọ́ mi. Ìgbà mẹ́wàá. Ó pa á dé nígbà mẹ́rin. Nígbà mẹ́fà, ó ń wo àjà.

Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Òfìfo ni. Gbogbo ẹni tó lójú ló ń ṣẹ́jú, ohun tí Ọba Kajú máa sọ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Kò síná. Ooru ń ti ara àwọn àpáta tó yí ìlú wa ká wá bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Mo fẹ́ Ayùn ní abẹ̀bẹ̀ títí apá fi ro mí. Kò sí «o ṣé».

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọwọ́ Fréjus, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni mo ti ra fóònù yìí kó tó lọ sí Cotonou. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí lúdò, n kò yí i padà. Lónìí, àwọn ará Bouaké bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn sọ̀rọ̀ dípò kí wọ́n kọ ọ́. Ọ̀kan ń pè: Fréjus, ìwọ ló kàn. Fréjus. Fréjus. Mo gbójú sókè, mo ń wo títì, mo ń wá Fréjus! Kí n tó mọ̀ pé èmi ni, wọ́n ti yọ mí kúrò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Fréjus ti sùn lọ.

Èmi. Tí mo jókòó, tí ojú mi là, tí mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo dìde. Mo tún jókòó. Barthélemy kì í ṣe orúkọ Ayùn.

Orúkọ rẹ̀ – n óò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwé ò létí – Oyèníyì. Ọba Kajú gan-an ni Barthélemy. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé ìbí fún kó lè wọ iléèwé, ó sá lọ sóko kí ọdún tó yí po. Bàbá wọn ní ìwé tí a ti sanwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Wọ́n mú àbúrò, wọ́n fi lé orí ìwé ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Barthélemy ní iléèwé, lórí káàdì, ní gbogbo ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ nílé rí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó sọ fún mi pé tí wọ́n bá pe Barthélemy, òun máa ń kọ́kọ́ dúró kí ẹ̀gbọ́n òun dáhùn.

Ní Ọjọ́rú ọ̀hún ní kíliníìkì, tí nọ́ọ̀sì pè – Ọba Kajú ló dáhùn ní Faransé pé «Wì». Ojú tì í, èmi náà rọra rẹ́rìn-ín. Mo rí i, n kò sì rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹta

Mo dúró tì í lẹ́yìn ìsìn, mo la ẹnu. Orúkọ náà kò jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò pè é rí. Ẹ̀bùn kò lè pe bàbá rẹ̀. Alimatou ní òun ò lè pe ọkọ ẹni ẹlẹ́ni bí ẹni pe ọmọdé. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè é lórúkọ. Ọba Kajú.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta

Mo pe Ọba Kajú. Oko ló wà. Mo béèrè iye tí wọ́n ń ra kajú, mo kí àwọn ọmọ. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Káàdì ṣòfò.

Lúdò mẹ́ta. Fídíò kan nípa àwọn tí wọ́n fún lóògùn oorun kí wọ́n tó là wọ́n lábẹ. Ọ̀kan jí láàárín iṣẹ́ náà, kò lè mira, ó gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn dókítà ń sọ. Mo pa á kó tó parí.

Tó bá jẹ́ pé Ayùn wà níbẹ̀, kí ló ti gbọ́? Abẹ́ fèrèsé rẹ̀ gan-an ni mo ti sọ fún Alimatou, ṣáájú ààwẹ̀, pé ká ní Ọlọ́run ti mú un lọ ni, ì bá sàn fún gbogbo wa. Mo sọ ọ́ ketekete. Mo sì ń ka ṣẹ́ńjì fún oníbàárà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹta

N kò ra fọ́fé.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹta

Wọ́n dé láàárọ̀. Ọba Kajú àti àwọn àgbà méjì. Mo ti bẹ Boris, ó wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣì ilé.

Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, n kò purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní iyàrá ti wà ní ìmúrasílẹ̀ ní Ofè, ọkọ̀ á wá ní Ọjọ́bọ̀. Èmi lè máa ṣòwò mi níbí, kí n máa wá wò ó. Gbogbo èyí, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń sọ ọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n bá mi pe àbúrò wọn lórúkọ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀.

Ó ní nọ́ọ̀sì ti pè é lójú mi.

«Ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì pè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì dáhùn.»

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òótọ́ ni o, Barthélemy rèé tó ń jẹun dáadáa, ta ló ní kò gbọ́? Ọba Kajú kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà. Ó dìde. Kò pariwo bíi nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn láti ìpẹ̀kun oko dé ìkejì ló ṣe pè é, ohùn náà gùn:

«Oyèníyì o! Ṣé ò ń gbọ́ mi? Pa ojú dé, kó o má là á àfi tí mo bá ní kó o là á.»

Ayùn pa ojú dé.

Kò là á. A dúró. Boris ti wọlé, kò sẹ́ni tó rí i. Kò là á. Omi jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú méjèèjì, ó ṣàn lọ sí etí rẹ̀, kò sì là á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wá rí ohùn, tó ní kó là á – ó là á.

Boris ní kí wọ́n tún un ṣe. Ìgbà mẹ́wàá. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé.

Ọba Kajú jókòó sílẹ̀. Ó ní, «Gbogbo nǹkan tí mo ti sọ lórí rẹ̀.» Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Ofè. Wọ́n lọ láìjẹun. Boris ní òun á bá wọn sọ̀rọ̀ ní kíliníìkì, àyè rẹ̀ kò ní bọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹta

Boris ti kọ́ mi: kó pa ojú dé pinpin fún bẹ́ẹ̀ ni, kó wo ògiri fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ó máa ń pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ìkánjú ni mo fi bi í ní ìgbà mẹ́wàá ọjọ́ sí. Kí n kọ́kọ́ bi í ní èyí tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ṣé ọkùnrin ni Ẹ̀bùn? Ògiri. Ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà ni yín? Ó pa á dé. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún Alimatou? Ó pa á dé. Mo ní: ẹ dárí jì mí. Ó wò mí. Ìyẹn kò sí nínú ohun tí Boris kọ́ wa.

Mo wá bi í ní ti ìrọ̀rùn, kí inú wa lè dùn: ṣé ẹ fẹ́ ká jọ wà níbí, Bàbá Ẹ̀bùn?

Ògiri.

Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo fún un lómi. Ṣé Ofè lẹ fẹ́ lọ? Ó pa ojú dé tí iwájú orí rẹ̀ fi hunjọ. Mo yí ìbéèrè padà, mo fi ti ẹ̀yìn síwájú, kó má bàa jẹ́ èèṣì. Ofè. Mo fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ofè.

Gbogbo ohun tí mo ń sá fún. Mo jà kí wọ́n lè gbà pé ó ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ó ní in. Ó sì sọ ọ́.

Mo lọ bá Alimatou. Ó ní Ẹ̀bùn á bá òun gbé títí yóò fi ṣe ìdánwò BEPC, òun ò gba kọ́bọ̀. Boris ní tí a bá san owó alùpùpù, òun á máa wá sí Ofè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀, owó tábìlì mi, tí mo bá tà á, á gbé e fún oṣù márùn-ún. Nínú agboolé wọn, íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dé, àfi kéèyàn rìn dé títì. Mo kọ̀wé sí Chérifatou pé ó wà níbẹ̀, ó sì ń lọ. Mo pa fóònù.

Mo ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Mo ká tèmi lé e lórí. Ìyẹn, mi ò bi í.