Mo Jókòó Sórí Àga Ọ̀gá

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ara mi le, òtútù nìkan ló ń bá mi ṣeré. Mo ti ń kọ́ òfin ìwọ̀lú àjòjì ní ilé ìkàwé, bóyá orí ìwé mẹ́wàá tèmi á gbé e, kí n lè mọ ọ̀nà tí wàá fi wá bá mi. Tíṣà tó ń kọ́ wa níbẹ̀ ní ìpìlẹ̀ òfin náà ni pé kò fẹ́ ya tọkọtaya. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lánàá, ó ní ká ṣe é bí eré ìtàgé. Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá tó ń fúnni níwèé ìwọ̀lú. Agbálẹ̀ kan nínú wa, tí ọkọ rẹ̀ wà nílé bí ìwọ náà ṣe wà nílé, wá bẹ̀bẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ríra gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ tí mo wọ bàálù ni, sà. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ."

"Òfin ń fẹ́ ìgbéyàwó tó ń mí. Tiyín ti kú. Ẹni tó kàn dà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà le o! Ta ló kọ́ yín?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mi ò sọ ẹni tó kọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi dá ìbéèrè tiwa padà. Má bọkàn jẹ́, wọ́n ní a lè tún béèrè.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí ìyá mi, kí o sì kí gbogbo ẹni tó ṣì ń pè ọ́ ní ìyàwó mi.

Èmi ni, ọkọ rẹ.