Gbogbo Omi Dúdú Kọ́ Ni Aró

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú Agbonou níbí. Mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ìyàwó ilé. Bọ̀ọ̀dá Làmídì nìkan ni mi ò kí. Kò tíì tó kí. Gbangba ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́ níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba.

Ẹ mọ̀ pé aṣọ ni mò ń rẹ láró níbí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí odò ẹ̀yìn ilé fà, onílé mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kó èèyàn jọ. Ó ní omi ti dúdú, pé èmi àlejò ni mo da aró sí i, kí n kó ẹrù mi kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bọ̀ọ̀dá gbọ́ "dúdú" lórí fóònù, òun náà gbà pé aró ni. Owó aró ni wọ́n fi rán an níwèé o!

Ṣé gbogbo ohun tó bá dúdú ni aró? Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ńkọ́? Tíṣà ni kò mọ̀ pé ohun tó bá wà nínú omi ni omi ń gbé wọ̀. Lásìkò òjò, erùpẹ̀ ló ń sọ odò yìí di pupa. Adágún ọ̀nà Datcha, ọbẹ̀dò tó ń hù lójú omi ló sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Omi tó mọ́ gaara pàápàá, bó bá ti jìn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á mú un dà bí aṣọ tí a ti bọ aró lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo pe tíṣà àti àwọn tó kó jọ wá sétí odò. Mo ti aṣọ funfun kan bọ omi wọn, mo ti ìkejì bọ ìkòkò mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, bí ewé ló máa ń rí, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Tèmi yí padà lójú wọn. Tiwọn rí bíi tíì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì gbẹ. A tọ odò lọ sókè, a bá ewé igi tíìkì tó já kún inú omi, tó ń rà síbẹ̀, tó ń sọ omi di dúdú. Ta ló gbin tíìkì ọ̀hún? Onílé mi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní òun ń lọ jẹun. Kò bẹ̀ mí. Èmi náà ò kó ẹrù.

Ìyá mi, tiwọn ò dùn mí. Ta ló ń bínú sí òpè? Èyí tó dùn mí ni pé ẹ ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ nílé, ẹ ò kọ́kọ́ bi mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé aláró kì í da aró rẹ̀ nù.

Mo fi aṣọ méjèèjì ránṣẹ́. Ẹ tẹ́ wọn síwájú Bọ̀ọ̀dá, kó mú èyí tó jẹ́ aró. Bó bá mú èyí tó tọ́, ẹ bá mi kí i.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Ẹ kí gbogbo agboolé.

Ọmọ yín tó ṣì wà nídìí aró,
Sàláwà