Tókìn Tí A Fi Kí Ènìyàn

Yàrá Kẹrin, Ilé Alájà Méjì,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Káfíńtà.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Sánpépà, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ìkọ́ṣẹ́,

Kí n tó kí ọ rárá, irọ́ ni. Irọ́ ni ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ta góòmù sọ fún ọ, pé mo dìbò kí wọ́n lé ọ̀gá wa kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, àti pé ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi gbé tábìlì iṣẹ́ wọn jù síta. Mo gbé tábìlì náà, mi ò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò jù ú. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gbé nǹkan jù, ọ̀tọ̀ ni kí ó gbé e sá. Fara balẹ̀ kí o kà á dé ìsàlẹ̀.

Ó yá, ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ọmọ tó ń hu eyín ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Orúnkún ìyá yín ńkọ́, ṣé ó ti ń ká? Ní ilé-iṣẹ́ ilẹ̀kùn tí o lọ yẹn, ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o fọwọ́ kan ẹ̀rọ ńlá náà, àbí ilẹ̀ lo ṣì ń gbá? Ara tèmi le. Inú mi ni kò dára. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí fóònù bá dún, ńṣe ni mo ń da ojú rẹ̀ délẹ̀.

Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Onífóònù, káfíńtà ẹgbẹ́ wa tó mọ̀ nípa fóònù ju gbogbo wa lọ, kó gbogbo wa jọ sídìí ẹ̀rọ ayùn, ṣùgbọ́n oṣù tó tẹ̀ lé e lo kó ẹrù rẹ lọ, o kò rí bí nǹkan náà ṣe ń rìn. Ṣé o rántí pé alága ìkẹyìn tí a ní gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ sílé àna rẹ̀, tí a sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jókòó sójú títì? Ìyẹn ni Onífóònù fi mú wa. Ó ní ẹgbẹ́ kan wà tí kò nílò alága tàbí akọ̀wé, tó ń darí ara rẹ̀. Òfin rẹ̀ wà lórí ayélujára, kò sí níkàáwọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo ojú ló sì ń rí i. Àwa ogójì tí a jọ ni ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pín tókìn sórí fóònù olúkúlùkù wa, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Tókìn yìí kì í ṣe owó. Ìbò ni. Ẹni tó bá ní àbá yóò gbé e síbẹ̀, a ó fi ọjọ́ mẹ́ta dìbò. Tókìn kan, ìbò kan. Bí tókìn tó jáde bá ti tó ìdajì gbogbo rẹ̀, apá tó bá wúwo jù ló borí, ẹ̀rọ á sì ti ọ̀rọ̀ náà pa. Ibi tí olúkúlùkù ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí ẹ̀rọ ayùn kan ẹni, gbogbo rẹ̀ ló ti bọ́ sábẹ́ ìbò yìí.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Odidi ọdún kan, a kò jà. A dìbò tún òrùlé ṣe, a dìbò lórí ẹni tí yóò máa kó eruku pákó dànù, ariwo kò sọ.

Ibi tí a ti fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa nìyí. Tókìn náà ṣeé fi ránṣẹ́ láti fóònù kan sí òmíràn. O sì mọ irú ènìyàn tí a jẹ́, a kì í gba oore ká dákẹ́. Bí ẹnìkan bá bá ọ gbé pákó, o fi tókìn méjì ránṣẹ́ sí i. Ìyàwó ẹnìkan bímọ, tókìn márùn-ún. Ó di pé bí ènìyàn bá sọ pé “ẹ ṣeun” lásán, wọn á ní, “Ẹnu nìkan?” Kò sí ẹni tó rántí mọ́ pé ìbò la gbà. Ìbò wa la fi ń kí ara wa káàárọ̀.

Ta wá ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́? Onífóònù ni. Òun ló ń ṣí fóònù tó bá tì, òun ló ń bá wa ya àwòrán àga ránṣẹ́ sí oníbàárà. Lọ́jọ́ tó bá mi wá àwòrán bàbá mi jáde nínú fóònù tó bọ́ sómi, ogún tókìn ni mo fi kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò béèrè, kò sì jí i. Ohun tó ń rí mi lára jù nìyẹn, Sánpépà: kò sí olè tí ènìyàn lè gbá lọ́rùn aṣọ mú.

Ọ̀gá wa kò ní tókìn kan. Fóònù wọn kò mọ̀ ju kó pe ènìyàn kó sì tan iná lọ. Wọ́n ní, “Kí ni mo fẹ́ fi ìbò ṣe nígbà tí ayùn gbogbo yín wà lọ́wọ́ mi?” Ọwọ́ wọn kò gba àga kíkàn mọ́, o mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ayùn kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí kì í ṣe àwọn ló ń pọ́n ọn, ní igun ojú fèrèsé yẹn, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Torí pé wọn kò ní fóònù tó ń gba tókìn, ẹnu lásán la fi ń kí wọn.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù gbogbo wa dún lẹ́ẹ̀kan. Àbá tuntun ni: kí igun ojú fèrèsé di yàrá tí a ó máa kó àga sí fún oníbàárà wò, kí wọ́n fi gíláàsì ńlá sí i, kí “ẹni tó wà níbẹ̀, tí kò sí lórí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́,” sì kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó wà níbẹ̀! Ẹni tó kọ́ méjìdínlógún nínú wa níṣẹ́, wọn kò lè kọ orúkọ rẹ̀.

Mo lọ bá Onífóònù nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àga ló ń fá.

“Bọ̀dá, ẹ yọ àbá yẹn kúrò.”

“Àbúrò, ẹgbẹ́ wa kò ní olórí. Ta ni kó yọ ọ́? Lọ dìbò tìrẹ.”

“Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀.”

“Ìwọ náà gbé tìrẹ síbẹ̀. Ọgbọọgba ni gbogbo wa.”

“Ọgbọọgba kẹ̀? Tókìn mélòó lẹ ní?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Èyí tí ẹ fi kí mi ni. Àbí ẹ fẹ́ gba kíkí yín padà ni?”

Mo ní ó dáa, kó dìde ká jọ lọ bá ọ̀gá, kó wí i lójú wọn, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò gbójú sókè. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ àga náà kí eruku rẹ̀ lè kúrò, ó sì ń fá a lọ. Eruku náà bà mí lójú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ láti ìdí tábìlì dé ìdí tábìlì. Ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló dìbò pé kí ọ̀gá dúró, títí kan àwọn tí kò ní ju tókìn mẹ́rin lọ. Ènìyàn mẹ́ta ló dìbò pé kí wọ́n máa lọ: Onífóònù, àna rẹ̀ tó ń kun pákó, àti onígíláàsì tó fẹ́ gba iṣẹ́ gíláàsì fèrèsé náà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, èsì jáde. Àwa mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tókìn 1,655. Àwọn mẹ́ta, 1,702. Ẹ̀rọ ti ọ̀rọ̀ pa. Ìyá Onítìmùtìmù, tó ń rán ìjókòó àga, ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní, “Ṣé orí ènìyàn ni wọ́n kà ni, àbí orí fóònù?” Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa pé mẹ́ta ju mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, tíṣà ì bá nà mí dé ilé.

Irọ́ tí o gbọ́ náà ní egungun òtítọ́ kan nínú, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Tókìn mẹ́tàdínlógún tó kù sí mi lọ́wọ́ dìbò pé kí ọ̀gá dúró. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí mo ti fi kí Onífóònù dìbò pé kí wọ́n máa lọ. Mo ti rò ó títí. Bí mo bá ti fi ẹnu kí i bí mo ṣe ń fi ẹnu kí ọ̀gá, àwa ni à bá borí. Ara mi gan-an ń rí mi lára.

Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń rí àkọsílẹ̀ náà. Mo wo àwọn tí kò dìbò. Mọ́kànlá ni yín. Orúkọ rẹ ló wà lókè, torí pé tìrẹ ló pọ̀ jù, ọgọ́rùn-ún tókìn pé, o kò fi ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni rí. Tókìn mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n fi jù wá lọ. Mo ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ kejì ìbò náà, o fèsì pé o ṣì ń rò ó. Ọ̀gá ló sọ ọ́ ní Sánpépà, wọ́n ní kò sí ibi pálapàla tí o kò ní fẹ́ pa dán. Ibi kan wà tí wọn kì í pa dán, ọ̀rẹ́ mi.

Nígbà tí mo dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ti fi aṣọ di àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn. Wọn kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ní, “Ìṣó, ta ni yóò bá wa gbé tábìlì?” Mo ní ọ̀dọ̀ mi ló ń lọ, sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá mi. Ibẹ̀ ni wọ́n wà báyìí tí wọ́n ń pọ́n ayùn, mo sì ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Lánàá, Onífóònù rán ènìyàn gbé ayùn tirẹ̀ wá. Mo ní n ó gbé e jù sínú gọ́tà. Ọ̀gá ní, “Ayùn kò dìbò, Ìṣó. Gbé e wá.” Wọ́n pọ́n ọn, ó sì mú. Mo jáde kúrò nílé.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Sọ fún ìyá yín pé àpótí ìjókòó wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ onígóòmù pé kó wá wo tábìlì náà kó tó tún sọ̀rọ̀ mìíràn.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé ta ló dúró tì mí. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dìbò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbàárà pọ̀ lọ́wọ́ wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Tábìlì yẹn, o mọ bó ṣe wúwo tó. Ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé e. Èmi wà níwájú lápá ọ̀tún. Ìyá Onítìmùtìmù wá, ó wé gèlè mọ́ ìdí: méjì. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń kan bẹ́ẹ̀dì wá: mẹ́ta, mẹ́rin. Onípósí, tí kò bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án nítorí pákó kan, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn tẹ̀ síbẹ̀, ó gbá a mú: márùn-ún. Igun ẹ̀yìn lápá òsì, ti ẹni kẹfà, kò ní ẹni. Ọ̀gá fẹ́ gbé e, a kò gbà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni igun yẹn ṣe ń wọ́ ilẹ̀ títí dé iwájú yàrá mi. Mo kà á dé márùn-ún, mo dúró.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,

Ìṣó.