Àwòrán Táyé Lẹ́ẹ̀mejì

                                                            Ilé Jayéọlá,
                                                            Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
                                                            Ọ̀yọ́.
                                                            Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejìlá, 1956.

Gbádégẹṣin, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo nǹkan? Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Rúùtù àbúrò rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́, àbí pàṣán rẹ ti lé gbogbo wọn padà sóko? Mo kí ọ kú ọyẹ́. Ti ibí ti dé, ètè gbogbo wa ti là, ẹ̀rín gan-an ti di ìnira. A dúpẹ́ pé ara le. Inú ni kò dùn, inú mi kò dùn rárá. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí dópin, nítorí iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ rán ọ, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Ẹtì.

O rántí ìwé ọlọ́dọọdún tí mo sọ fún ọ pé ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ ṣe, èyí tí fọ́tò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà nínú rẹ̀, tí orúkọ olúkúlùkù yóò sì wà lábẹ́ tirẹ̀. Ó ti jáde. Mo ti ju tèmi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ó ń rí mi lára. Èmi ni wọ́n fi ṣe olótùú ìwé ìròyìn tí à ń tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n wá fi Gabriel ṣe olótùú ìwé ọlọ́dọọdún yìí. O mọ Gabriel, ọmọ kíláàsì kẹfà tó máa ń da òróró sórí bí ẹni tó fẹ́ din àkàrà.

Lọ́jọ́ tí onífọ́tò wá, Táyé wà ní kíláàsì wa, Kẹ́hìndé kò sí. Ìwọ tí o wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lo mọ bí ibà pọ́njú ṣe mú un tó, tí kò fi lè padà wá ní sáà yìí. Mo ní kí Gabriel ní sùúrù, kí Kẹ́hìndé ya tirẹ̀ ní Ọjà Igbó kí ó fi ránṣẹ́ sí wa. Ó ní kò sí àyè. Mo ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ nìkan nígbà náà. Ó ní òun kò lè fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìwé òun bí ẹnu arúgbó. Ṣé o mọ ohun tó wá ṣe? Ó lọ bá onífọ́tò náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní kí ó tẹ fọ́tò Táyé lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìbejì ṣáà ni wọ́n, ta ni yóò mọ̀?

Gbádégẹṣin, ìwọ náà ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lára ògiri ilé àwọn èèyàn. Nígbà wo ni a máa ń fi ojú ìbejì kan ṣe méjì? Ìgbà tí èkejì rẹ̀ bá kú ni, kí ìyá wọn lè máa rí méjì wò. Lẹ́yìn tí ìwé jáde, mo lọ bá onífọ́tò náà, Bàbá Mùílì, ní ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n ní àwọn kò béèrè ohunkóhun, nítorí a kì í da ìbéèrè bo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé Kẹ́hìndé kò kú, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run bá wa dá èyí tó kù sí. Ọmọ yẹn sì ṣe àmín!"

Àmín! Ọmọ tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀yọ́! Mo bi Gabriel pé ṣé kò gbọ́ ohun tó ń ṣe àmín sí ni. Ó ní àṣà àwọn ará ijọ́un nìyẹn, pé ìwé òde òní ni òun ń ṣe. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. N kò sì tíì tọrọ àforíjì.

Ti Gabriel tilẹ̀ sàn. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, mo bẹ̀ wọ́n kí a yọ ewé kan ṣoṣo yẹn kí ìwé tó dé ọwọ́ àwọn òbí. Wọ́n ní àṣìṣe kékeré ni, pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá wo ìwé náà, kò sì yẹ kí ó bá ìwé yíya. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà o, àlejò ló ń wò. Wọ́n tún wá ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn mi pé irú ìwé arẹwà báyìí kò tíì jáde rí ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Mo ní ó dáa. Mo lọ kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé kìíní pé KẸ́HÌNDÉ Ń BẸ LÁÀYÈ. Wọ́n gba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n dáná sun ún lẹ́yìn ilé ìdáná. Láti àná, èmi kì í ṣe olótùú ohunkóhun mọ́, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Táyé ni kí o gbọ́ tirẹ̀. Nídìí oúnjẹ ló ti ṣí ìwé náà. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín pé òun nìkan ló rí ìjókòó méjì gbà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó pa ìwé dé, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó wá mi dé pápá, ó sì di aṣọ mi mú. Ó ní, "Oyèlékè, má tàn mí. Ṣé ó ti kú tí ẹ ń fi pamọ́ fún mi ni?" Mo búra fún un. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe búra fún wa nígbà tí bàbá wa kú. Wọ́n ní bàbá lọ sí Kánò ni." Ó tọrọ ààyè láti lọ wo àbúrò, àbí kí n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nílé. Ọ̀gá kọ̀. Wọ́n ní kí ó dúró de àlejò, kí gbogbo kíláàsì lè pé. Wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì lè pé, Gbádégẹṣin!

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì, dẹ́rẹ́bà ilé ẹ̀kọ́ wa yóò kó ìwé àwọn òbí wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Ìbejì ti sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ta abọ́ ní Ọjà Igbó pé fọ́tò àwọn ọmọ òun ń bọ̀. Ojú gbogbo wọn ni Ìyá Ìbejì yóò ti ṣí i. Wọn kò mọ̀wé kà, nítorí náà ohun tí a kọ sábẹ́ fọ́tò kò lè gbà wọ́n. Fọ́tò ni wọn yóò kà, yóò sì yé wọn pé a ti ka ọmọ wọn mọ́ òkú. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà pé ọmọ òun rí ìwòsàn! Jọ̀wọ́, jẹ́ kí Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ lọ gba ìwé náà, kí ó gbé e lọ bá wọn ní ìsọ̀, kí ó sì dúró níwájú wọn títí wọn yóò fi tú u dé ojú ewé yẹn. Bí ara rẹ̀ kò bá tíì le tán, jẹ́ kí ó fara tì ọ́.

Ohun kan ló kù, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́. Ìwọ lo sọ nínú lẹ́tà rẹ pé o rí Kẹ́hìndé lórí kẹ̀kẹ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Táyé ti dárúkọ Kánò ni mo ti ń ka lẹ́tà yẹn ní àkàtúnkà, tí mo ń wá ibi tí o ti purọ́ fún wa. Wo ohun tí fọ́tò burúkú yẹn sọ èmi náà dà!

Bá mi kí Ìyá, kí o sì kí Rúùtù dáadáa. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ èrò tó gbé lẹ́tà yìí wá yóò padà sí Ọ̀yọ́ lọ́la, èmi yóò sì máa dúró dè é ní gáréèjì. Má fún un ní èsì tìrẹ kankan, ọ̀rẹ́ mi. Gbé ìwé àti gègé fún Kẹ́hìndé, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

                                                            Èmi náà ni, tìrẹ síbẹ̀síbẹ̀,
                                                            Oyèlékè.