Tábìlì Sínúkà Tí O Fẹ́ Rà Sílé fún Ọkọ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni ìlú ńlá tí kì í sùn yẹn? Àwa wà níbí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, èèyàn burúkú kò ní mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún tó ń ro wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ń kí ọ, àfi pé ó tún ti ń já òwú.

Mo rí ìwé rẹ, mo sì kà á títí. O ní ọkọ rẹ kì í tètè délé mọ́ lálẹ́, ilé sínúkà tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì ló ń wà, ìwọ nìkan lò ń dá jẹun, tó o bá sùn etí rẹ á wà lẹ́nu géètì. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ọkọ tí kò lu ìyàwó, tí kò mutí, bọ́ọ̀lù kéékèèké wá ń gbà á mọ́ èèyàn lọ́wọ́. O ní o fẹ́ ra tábìlì náà sílé kó má baà rí ìdí tó fi ń jáde, pé kí n bá ọ yàn án, ṣé èyí tó fúyẹ́ ni tàbí èyí tí àwọn tó fi ń ṣòwò ń lò. Mo ní ọgbọ́n rere nìyẹn.

Mo wo àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo mú téèpù mi, mo wọn èyí tí o ní ó tóbi jù, kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo ní bí wọ́n bá ń pe èyí ní ńlá, kékeré ńkọ́, bàbá rẹ ní bóyá ó máa ń wú tí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ni mo bá lọ sí ilé sínúkà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà.

Onírùngbọ̀n là ń pe ẹni tó ni ín. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí ni Màmá ń fẹ́, mo ní tábìlì ni mo wá yẹ̀ wò fún àna mi. Mo fọwọ́ kan aṣọ orí rẹ̀, aṣọ gidi ni, irun àgùntàn tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó sì sá a sóòrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àwọn ihò etí rẹ̀, mo rò pé eku ló jẹ ẹ́, mo ní màá bá a lẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní rárá o, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń gbà wọlé.

Ó ní pákó ló wà nínú èyí tó fúyẹ́, tí òjò bá pọ̀ á wú, bọ́ọ̀lù á wá máa rìn bí ọ̀mùtí. Ti àwọn oníṣòwò, òkúta pẹlẹbẹ ló wà lábẹ́ aṣọ, kì í wọ́. Ó ní kì í ṣe tábìlì nìkan ni kí o wọ̀n, kí o wọn ọ̀pá àti ìgúnpá ẹni tó ń gbá a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri lẹ ó máa gún. Kí o sì bi onílé yín bóyá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè gba òkúta, kí ẹ má baà lọ bá ẹni ìsàlẹ̀ jẹun lójijì.

Èyí tó wù mí jù ni èyí tó ń jẹ owó. Wọ́n á ki owó onírin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó pọ bọ́ọ̀lù, kọ́kọ́rọ́ ikùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ onílé. Mo ní irú èyí gan-an ni kí o rà, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, owó ọbẹ̀ á máa ti ibẹ̀ jáde láìsí àríyànjiyàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Mo fẹ́ máa lọ ni àwọn tó ń gbá a níbẹ̀ ní kí n mú ọ̀pá wò. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pa á lẹ́nu, irú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo ní eléyìí ò ṣàjèjì. Mo gbá a, bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo wọn hó. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ, mo ní mo fẹ́ tún aṣọ orí tábìlì yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ti ń ṣú, bàbá rẹ fi orúnkún ríro wá mi débẹ̀, wọ́n bá mi tí mo tẹ̀ sórí tábìlì, téèpù lọ́rùn. Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa. Bàbá rẹ kò bá mi jà. Wọ́n jókòó, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì ní kí Onírùngbọ̀n fún àwọn náà ní ọ̀pá.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Kì í ṣe tábìlì ló dá mi dúró. Tí mo bá gbá a dáadáa, ẹnì kan á rí i, tí mo bá tàsé, ẹnì kan á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní yàrá mi ni wọ́n gbé e sí kí n máa dá gbá a, kò ní pẹ́ tí màá fi máa kó aṣọ oníbàárà lé e. Nítorí náà, má tíì sanwó. Lọ́jọ́ kan, wọ bàtà rẹ kó tó jáde, sọ pé o fẹ́ bá a lọ. Má fajú ro. Gba ọ̀pá kan, kí o tàsé dáadáa kó lè kọ́ ọ. Bó bá wá di pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fẹ́ ẹ, ẹ ra olókùúta. Bó bá sì jẹ́ pé kò fẹ́ kí o débẹ̀ rárá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti sínúkà, kí o pè mí, màá wá.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọ̀pá tèmi, ti Onírùngbọ̀n ti wọ́ tán, bàbá rẹ ló sì máa ń sáré mú èyí tó tọ́. Má fi sí báńkì, wọ́n ti da èyí tí mo kó fún wọn níjelòó pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ dá tèmi mọ̀. Fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ níbí.

Ilé rẹ yóò tù ọ́, yóò tu ọkọ rẹ náà. Ọlọ́run yóò máa mú un wálé kí ọbẹ̀ tó tutù, ẹ ó sì jọ máa fọwọ́ kan inú àwo kan náà títí ọjọ́ alẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.