Bàbá Tó Ń Ṣọ́ Géètì Inú Eré Mi

Dádì mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá kọ́kọ́ kí yín, ẹ ò ní ka ìwé yìí débì kan. Mọ́mì wà dáadáa. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, wọ́n sì ṣì ń lọ sí ìsọ̀ wọn ní Ìkòsí lójoojúmọ́ bí ẹni pé dókítà ò sọ nǹkan kan. Rédíò yín wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ẹ fi wé e nítorí òjò ṣì wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tú u nínú wa.

Mo ti parí eré yẹn, Dádì. Eré kọ̀ǹpútà tí mo ń fọwọ́ ara mi ṣe, tí ẹ máa ń pè ní eré ọmọdé, tí ẹ ní ó ń jẹ́ kí n jókòó sójú kan bí adìẹ tó ń sàba. Ẹ ò bi mí lọ́jọ́ kan rí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí, mi ò kàn sọ ni. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ fún yín báyìí.

Kòsọ́fẹ́ wa yìí náà ni, àmọ́ Kòsọ́fẹ́ ti ayé tí àwọn ọmọ-ọmọ wa máa bá. Òjò kì í dá níbẹ̀. Omi ti bo Àgbóyì, gbogbo ilé wá dúró lórí ẹsẹ̀ irin, ọkọ̀ ojú omi ń gba abẹ́ wọn kọjá. Ẹ̀rọ ló ń wọn tòmátì ní Mile 12. Iná pupa àti iná búlúù ń kọ mànà lára ògiri. Àwọn èèyàn ní wáyà nínú orí, wọ́n sì lè yọ ìrántí wọn tà bí ẹni ta fóònù àlòkù. Síbẹ̀, bíi ti géèmù àtijọ́ ni mo ṣe ya àwòrán rẹ̀, onígun kéékèèké báyìí, tó jẹ́ pé ojú èèyàn ò ju àmì mẹ́ta lọ. Kò sí ìjà, kò sí ìbọn. Mọ́ọ̀sì lásán ni: o tẹ ilẹ̀kùn láti wò ó, o tẹ kọ́kọ́rọ́ láti mú un, o tẹ èèyàn láti bá a sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àǹkẹ́. Wọ́n ti gba ìrántí ìyá rẹ̀, wọ́n kó o pamọ́ sínú ẹ̀sítéètì àwọn olówó, ó sì fẹ́ wọlé lọ gbà á.

Ẹ̀sítéètì ò lè ṣàì ní géètì. Ẹ ti mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Bàbá kan ni, ìdajì ara wọn irin ni, ojú òsì wọn tọ́ọ̀ṣì ni, àmọ́ fìlà yúnífọ́ọ̀mù yín ni wọ́n dé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síwájú bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Tí Àǹkẹ́ bá dé, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè, wọn ò ní wò ó rárá. Òjò ni wọ́n á máa wò. Àfi kó kí wọn. Kì í sì í ṣe kíkí kan ṣáá. Tí wọ́n bá jókòó, ẹ kú ìjókòó ni. Tí òjò bá ń pa wọ́n, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Tí wọ́n bá ń tún géètì ṣe, ẹ kú iṣẹ́. Tó bá ti kí wọn bó ṣe yẹ, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ bíbí inú wọn.

Àbí mo parọ́ mọ́ yín? Ṣebí ẹ rántí ọmọ ọlọ́jíìpù tó ń fọn fèrè ní géètì ibi iṣẹ́ yín, tí ẹ dúró tí ẹ ń wò ó, títí tó fi yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tó sì kí yín. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ìwé ìkìlọ̀ wé ẹ̀pà wálé fún wa, ẹ ń rẹ́rìn-ín kèékèé.

Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló fẹ́ràn eré mi. Wọ́n fẹ́ gbé e jáde fún gbogbo ayé. Mo pariwo débi pé Mọ́mì rò pé ejò ni mo rí. Àmọ́ wọ́n ní kí àwọn èèyàn kan kọ́kọ́ dán an wò, ìdí géètì sì ni gbogbo wọn há sí. Òyìnbó ò kí bàbá! Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un tẹ̀, bàbá ń wo òjò. Wọ́n ní eré ti bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ wá ní kí n yọ kíkí kúrò, kí bàbá ṣí géètì fún ẹni tó bá ti tẹ̀ wọ́n, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n máa gbé eré mi lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún mi. Dámilọ́lá àbúrò mi ní kí n yọ ọ́ jàre, ṣé bàbá onírin ló ń bọ́ mi ni?

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀, Dádì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ yọ kọ̀ǹpútà mi nínú iná kí ẹ lè lọ yúnífọ́ọ̀mù yín, iṣẹ́ tí mo fi odindi ọjọ́ kan ṣe sì run. Inú bí mi gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ tí ẹ ń wọ bàtà. Mo ti jí. Mo kọjú sí ògiri. Ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ èémí yín, ẹ ń retí ẹ káàárọ̀ sà. Mi ò sọ ọ́. Èmi tí ẹ kọ́ ní ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ ìrìn án rìn, mo dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ bá tiyín lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ẹ fẹ́ bá mi wí ni, mo dojú fóònù délẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ní ẹ ṣubú lẹ́nu géètì. Mo kí yín ní ọsibítù, Dádì, mo kí yín títí ohùn mi fi há, ẹ ò dá mi lóhùn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Ṣé ẹ bínú sí mi lọ ni?

Ní Sunday, Bàbá Ràfíù tí ẹ jọ ń ṣọ́ géètì wá kí Mọ́mì, wọ́n mú ẹja wá láti Àgbóyì. Mo fi eré hàn wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ wo mọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe rí bàbá onírin báyìí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì kí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí fìlà. Mi ò sọ ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí, àmọ́ Bàbá Ràfíù mọ̀ ọ́n, torí ẹ ti sọ fún wọn. Ẹ ní ẹ ti ṣẹ ọmọ yín, pé kò kí yín, pé kò jẹ̀bi. Ẹ ò jẹ búrẹ́dì yín. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e, ẹ sì ní tó bá di ọ̀sán ẹ máa tún pè, pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kí mi. Bàbá Ràfíù ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, pé ọ̀nà ni ọwọ́ ọ̀tún yín wà. Mo sunkún, Dádì. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Mi ò yọ kíkí. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yẹn pé ohun kan ṣoṣo ni mo yí padà: ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kíni, tó bá ti dúró díẹ̀, bàbá fúnra wọn á kí i. Wọn ò tíì fèsì. Tí wọn ò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa lọ.

Lónìí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ṣí i láti dán an wò. Mo mú Àǹkẹ́ dé géètì, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí mọ́ọ̀sì. Bàbá ń wo òjò. Ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, káàbọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ ọ́ sí wọn lẹ́nu, mo mọ̀. Síbẹ̀ mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Mọ́mì wọlé bá mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ lọ.