Abẹ̀bẹ̀ Bàálù Ara Ògiri Wa

Ẹ̀gbọ́n mi,

Àárò yín ń sọ wá. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì lè gun àtẹ̀gùn.

Ọkùnrin kan láti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti wá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí abẹ̀bẹ̀ igi iwájú bàálù tí Bàbá gbé bọ̀ láti ogun. Ó ní igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe àwọn bàálù ogun ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n kàn ń fi ṣamí ni kí wọ́n tó gbé ìbọn sí i. Kí ogun àgbáyé kejì tó parí, irin ti gba ipò igi. Ẹnu rẹ̀ dùn jù, ara fu mí. Nígbà tó ní kí n yá òun, mo kọ̀.

Ó ní, "Ẹ tọ́jú ẹ̀ o. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mélòó kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra, kó má baà là."

Bó ṣe lọ, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Pákó kan ṣoṣo ni. Ẹ rántí àmì tí kálukú wa ń fi ọ̀bẹ gé sára iṣẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà Bàbá, níbi tí oníbàárà ò ní rí? Tiyín ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tí ẹ rìnrìn àjò, pé ẹ fẹ́ kùn ún. Àlejò ni mò ń fura sí, àṣé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo ti gbé e kọ́ padà. Màmá ṣì ń nù ún láràárọ̀. Mi ò sọ fún wọn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, ẹ fi oògùn orúnkún ránṣẹ́ sí Màmá. Kí ẹ sì fi abẹ̀bẹ̀ Bàbá sí i.

Àbúrò yín.